Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Já Àgbà Nírọ́

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí ni Àmínà, àbúrò ìyá Mutmainah, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2025, ní Darkuman ní Accra, nígbà tí gbogbo ilé ń já ewé lára kẹ́nkè tí wọ́n sì ń dúró de ata. Ó sọ ọ́ tán, wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, kò sì yẹ̀ níbì kankan. Mutmainah fúnra rẹ̀ jókòó níbẹ̀. Ibi méjì péré ló ti dá a dúró, ibi méjèèjì sì jẹ́ ibi tí Àmínà ti fẹ́ ṣàánú ẹni tí kò béèrè àánú. Báyìí ló ṣe lọ.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà ní Darkuman níbẹ̀ tó ń jẹ́ Òkè-Ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ètò ìsọfúnni. Orí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta páìpù àti àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀, àárín àwọn àwo funfun wọ̀nyẹn ni yóò gbà kọjá kó tó kan àtẹ̀gùn. Olùdarí Àgbà ibẹ̀ máa ń sọ fún àlejò pé òun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ Olùdarí ni Dókítà Olóyè Ajíhìnrere Olúkúnlé Àtàndá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ọ̀kankan nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fo Olóyè nínú lẹ́tà lọ́dún kan, ó sì tún ọdún náà kà. Ní ti oyè dókítà, ilé-ẹ̀kọ́ tó fi dá a lọ́lá ti kó kúrò ní àdírẹ́sì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ráyè lọ kí wọn. Ní ti oyè ìlú, ìlú tí wọ́n ti fi í jẹ ẹ́ máa ń jìnnà sí ìlú àlejò tó bá béèrè. Ní ti ajíhìnrere, a kò ní ẹ̀sùn kankan. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Láràárọ̀, bí mọ́tò rẹ̀ bá ti yà kúrò ní títì, ọ̀gbẹ́ni Àkànó, akọ̀wé àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, á lu agogo. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ á dìde, wọn kò sì ní jókòó títí Olùdarí á fi gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta. Ẹni ńlá kì í sáré. Bí ó bá dúró láàárín àtẹ̀gùn kó lè mí, Àkànó á gbé ọwọ́ sókè, á ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, Olùdarí ń ronú. Nígbà ọyẹ́, tí eruku ń dí wọn nímú, Olùdarí máa ń ronú gan-an.

Àwòrán rẹ̀ wà lójú gbogbo kọ̀ǹpútà inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwòrán náà wúwo, àwọn kọ̀ǹpútà sì ti darúgbó. Bí wọ́n bá tan ọ̀kan, fìlà ló máa ń kọ́kọ́ jáde, iwájú orí á tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀, ojú á dé, imú á dé. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣe ohunkóhun títí àgbọ̀n á fi jáde. Tí iná bá ń ṣe ségesège, á lọ nígbà tó bá kan imú, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí fìlà. Àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn mọ iwájú orí Olùdarí ju bí wọ́n ṣe mọ ìwé wọn lọ.

Ọ̀kan nínú wọn ni Mutmainah. Ọmọ Madina, àdúgbò kan ní Accra, ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni baba bàbá rẹ̀ ti wá, ó wá ta páànù àti ìkòkò, ó sì gbàgbé láti padà. Àwọn aládùúgbò ṣì ń pe ilé wọn ní ilé Alata, ìyẹn ilé ọmọ Yorùbá. Yorùbá tí wọ́n bá sọ sí Mutmainah kò sí èyí tí kò ní gbọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ dáhùn, Twi á kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀, Hausa á tẹ̀lé e, kí Yorùbá tó yọjú. Ìyá rẹ̀ ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló ní tẹ́lẹ̀. Ó ta ọ̀kan, ó fi ra láptọ́ọ̀pù àlòkù fún ọmọ rẹ̀ ní ọjà Circle, ó sì ní òun kò nílò ẹ̀rọ méjì, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjì péré ni òun ní.

Ilé-iṣẹ́ kan wà nítòsí Circle bákan náà tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn. Wọ́n ti dán Mutmainah wò, wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi àyè kan pamọ́ fún un di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ohun méjì ni wọ́n béèrè: kó mú èsì ìdánwò àṣekágbá wá, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti jáde sì ní àṣẹ ìjọba lọ́wọ́. Àṣẹ tó wà lọ́wọ́ Òkè-Ìmọ́lẹ̀ á parí nínú oṣù kẹwàá, ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò á sì kọ́kọ́ wá wò wọ́n kí wọ́n tó gba òmíràn. Bí ọ̀kan nínú ohun méjèèjì bá bọ́, àyè náà á di ti ẹlòmíràn, ìyá Mutmainah á sì máa fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo ránṣọ lọ.

Nínú oṣù kẹjọ, Mutmainah àti Kwabena, ẹni tí wọ́n jọ pín iṣẹ́ àṣekágbá, parí ohun tí wọ́n fi gbogbo ọdún ṣe. Pọ́tààlì ni, ibi tí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì á máa wà nínú kọ̀ǹpútà: orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, máàkì, ọjọ́ ìdánwò, orúkọ olùkọ́ àti ipò wọn. Olúkálùkù á fi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù tirẹ̀ wọlé. Olùdarí ti pàṣẹ ṣáájú pé Yorùbá ni kó máa bá òun sọ, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwọ àti ẹ̀yin. Ìyá Mutmainah ló bá wọn to àwọn gbólóhùn náà, ó sì fi ẹ sí gbogbo ibi tí ẹ yẹ kó wà.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i, Olùdarí kọ́kọ́ bá ìran ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó ní ayé ti ń dúró de ọjọ́ náà láti ìgbà tí wọ́n ti rí iná mànàmáná. Ó ní àwọn kan kọ́ afárá, àwọn kan lọ sí òṣùpá, ṣùgbọ́n òun kọ́ ẹnu ọ̀nà. Àkànó sunkún níbi tí wọ́n ti jọ ṣe àdéhùn rẹ̀. Olùdarí wá jókòó.

Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ kọ̀ǹpútà, èyí tó ní òrùka. Lẹ́tà ńlá nìkan ló sì ń tẹ̀. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ rí pé lẹ́tà kékeré wà fún àwọn tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Páswọ́ọ̀dù tí wọ́n fún un láti fi bẹ̀rẹ̀ ni imole, Mutmainah sì rọra sọ ọ́ sí i létí pé lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀. Ó tẹ IMOLE.

Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ sójú pé: Páswọ́ọ̀dù yìí kò tọ̀nà. Ẹ tún un tẹ̀.

Ẹ rántí pé ẹ̀rọ náà lo ẹ. Kò ran nǹkankan.

"Ta ló ń bá wí?" Olùdarí béèrè.

"Sà, kì í ṣe ẹ̀yin ló ń bá wí," ni Mutmainah wí. "Kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Kò mọ̀ pé èmi ni? Pẹ̀lú àwòrán mi lára rẹ̀?"

Àkànó mi orí fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun, kọ̀ǹpútà yìí kò sì mọ ọwọ́ọ́ wẹ̀ rárá. Ó ní nílé àwọn, bí àgbà bá ní òyìnbó ló kọ́ odò, ọmọ gidi á ní ó lè rí bẹ́ẹ̀. Olùdarí wá dìde, ó sì pa àṣẹ. Ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ sọ fún òun mọ́ pé ohun tí òun tẹ̀ kò tọ̀nà. Ohunkóhun tí òun bá tẹ̀, kó gbà á, kó sì dúpẹ́. Ẹlòmíràn tí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ síta, ọ̀dọ̀ Olùdarí Àgbà ni kó wá fún ìrànlọ́wọ́, kí wọ́n sì kọ ìyẹn náà sójú ẹ̀rọ. Títí ẹ̀rọ á fi kọ́ ìwà, kò sí máàkì fún àwọn tó bí i.

Mutmainah tún gbìyànjú. Ó ní ẹ̀rọ tí kò bá lè sọ pé rárá fún Olùdarí, kò ní lè sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ni Olùdarí.

"Ojú ta ló máa gbà á láti ní òun ni èmi?" Olùdarí wí. Ìbéèrè tó dára ni. A ó padà sí i.

Nínú ọkọ̀ akérò trotro tí wọ́n wọ̀ lọ sí Circle ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, Kwabena kò sinmi.

"Chale, àwa Asante náà ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n ilé bàbá mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Ṣé bàbá rẹ ló máa fún wa ní máàkì?"

"Rárá."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Mutmainah ṣe é. Kò pa iṣẹ́ àtijọ́ rẹ́. Ìlà kan ṣoṣo ló fi sí i, tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé bí ẹni tó fẹ́ wọlé bá ti jẹ́ orúkọ Olùdarí, kó má yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì gba ohunkóhun tó bá tẹ̀. Nígbà tí Olùdarí tún tẹ IMOLE, ẹ̀rọ náà ní: Ẹ káàbọ̀, sà. Bí ẹ ṣe wí ni ó rí. Olùdarí fi áńkáṣíìfù kan ojú rẹ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé, ó ti jáde, ó ti wọlé, ó tún ti jáde, ó tún ti wọlé, kó kàn lè rí i kà. Àwọn ọmọ bíbí rẹ̀, tí wọ́n ń gbé òkè òkun, kò tíì kí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú rẹ̀ níbi iṣẹ́ yín, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Olùdarí fẹ́ dá ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá. Ó fẹ́ kó bọ́ sí ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹsàn-án. Ó mọ̀ pé oṣù a máa ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Pé kì í ṣe gbogbo oṣù, ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún àwọn akọ̀wé ni. Ó tẹ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án. Bí ẹlòmíràn ló tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà ì bá kọ̀. Fún Olùdarí, ó ní: Ẹ ṣeun, sà. Bí ẹ ṣe wí ni ó rí. Ó sì fi í ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́.

Kwabena lọ bá Àkànó pé kò sí irú ọjọ́ yẹn. Àkànó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri títí. Ó wá mú bírò, ó ya ilé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ọgbọ̀n, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ìkéde ti wà lẹ́nu ọ̀nà pé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, ọjọ́ kan wà láàárín ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wá pẹ̀lú bírò dúdú.

Wọ́n wá. Ọjọ́rú ni fún gbogbo Accra, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá. Fún Òkè-Ìmọ́lẹ̀, oṣù kẹsàn-án kò tíì parí. Ìdánwò náà le, Mutmainah sì ṣe é dáadáa. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n fi kún ayé kò rọrùn láti yọ kúrò. Ní ọjọ́ Jímọ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ọjọ́bọ̀ ni, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn tó lọ kírun kò wá. Mutmainah béèrè lọ́wọ́ Àkànó bóyá kí òun lọ bá lèmọ́mù ní Madina, kó dúró dè wọ́n di ọ̀la. Àkànó ní òun á gbé e dé ọ̀dọ̀ Olùdarí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta wọ́n ṣe ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Àìkú ló bá wọn tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Pásítọ̀ Olùdarí kò gbọ́ ìkéde, ó bẹ̀rẹ̀ ìsìn lákòókò, Olùdarí sì padà sínú ayé pẹ̀lú aṣọ funfun. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n èsì ìdánwò jáde, ọjọ́ náà sì wà lórí rẹ̀. Máàkì Mutmainah ló ga jù. Ó gbé e lọ sí Circle, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀. Ọmọbìnrin tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́ kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà tiwọn. Kọ̀ǹpútà náà kọ̀. Ó tún un kọ, ó tún kọ̀. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò níwà. Ọ̀gá wọn jáde, ó wo ìwé náà, ó wo Mutmainah, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé pé àwọn kò lè gba ìwé tó ní ọjọ́ tí kò sí, nítorí ilé ìwòsàn ni àwọn ń bá ṣiṣẹ́. Kó lọ mú èyí tó tọ̀nà wá kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á pe ẹni tó tẹ̀lé e.

Mutmainah kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì Olùdarí. Ó ní òun kò bẹ̀bẹ̀ fún máàkì, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òun ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yí padà.

"Ẹlòmíràn ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ yín," Olùdarí wí. "Èmi fi ọjọ́ kan kún tiyín. Ta ló ń dá ọjọ́ padà?"

"Sà, iṣẹ́ náà á bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Bí mo bá yí i, wọ́n á ní mo ṣe àṣìṣe. Ṣé ohun tí o fẹ́ kí wọ́n sọ nìyẹn, lẹ́yìn gbogbo oore mi?"

Àkànó fi ojú sọ fún un pé kó dìde. Nílé, ìyá rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí ọmọ náà parí, ó ní, "Kai. Aṣọ tí mo bá gé kù, mo máa ń tú u. Ṣé òun kò lè tú ọjọ́?" Ó sì ń bá aṣọ rẹ̀ lọ.

Ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá. Wọ́n ti kun ògiri, wọ́n sì ti fi aṣọ funfun bo àwọn àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ìsàlẹ̀, tí wọ́n fi dà bí ìjọ àwọn àgbà tó jókòó de àlejò. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ náà kí wọn kó tó fura. Olórí wọn ni Madam Sherifa, obìnrin tí kò ga, tó gbé omi tirẹ̀ wá láti ilé, tí kì í sì í kọ ohunkóhun sílẹ̀ títí ó fi dá a lójú.

Olùdarí sọ̀rọ̀ títí omi náà fi gbóná. Ó ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn ní kọ̀ǹpútà tó gbọ́n. Òun nìkan ló ní èyí tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní kì í já àgbà nírọ́. Ó wá gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Ohunkóhun tí ẹ̀rọ yìí bá gbà ní orúkọ mi, ọ̀rọ̀ mi ni, òótọ́ ni, mo sì fọwọ́ sí i."

Madam Sherifa ní kí wọ́n fi èsì ìdánwò han òun. Ó rí ọjọ́ náà. Ó béèrè nípa rẹ̀, Olùdarí sì ní ẹ̀bùn ni. Ó mi orí, kò kọ nǹkankan. Ó wá béèrè ẹni tó ṣe pọ́tààlì náà, wọ́n sì pe Mutmainah wá síwájú.

Madam Sherifa jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó dúró de fìlà, ó dúró de iwájú orí, ó dúró de àgbọ̀n. Ó tẹ orúkọ Olùdarí. Níbi páswọ́ọ̀dù, ó tẹ waakye, nítorí ohun tó fẹ́ jẹ lọ́sàn-án nìyẹn. Ẹ̀rọ náà kí i. Ó ní kí Mutmainah túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

"Ó ní ẹ káàbọ̀, sà, bí ẹ ṣe wí ni ó rí," ni Mutmainah wí.

"Kí ni Olùdarí lè ṣe níbí?"

"Ohun gbogbo, mà. Ó lè dá ọjọ́. Ó lè yan olùkọ́, ó lè lé olùkọ́. Ó lè fi ipò sílẹ̀."

Madam Sherifa wá èyí tó gbẹ̀yìn, ó rí i, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà dúpẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Dókítà Olóyè Ajíhìnrere Olúkúnlé Àtàndá, ó kọ ọ́ pé ó ti fi ipò sílẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àti ti ìgbìmọ̀ tó ni kọ́lẹ́ẹ̀jì. Fóònù dún káàkiri yàrá náà. Ti Àkànó ló pariwo jù.

"Ta ló ṣe ìyẹn?" Olùdarí wí. "Èmi kọ́."

"Ẹ̀rọ ní ẹ̀yin ni, Dókítà," ni Madam Sherifa wí, láì gbé ohùn sókè. Ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Bí Olùdarí bá ní àṣìṣe ni ẹ̀rọ ṣe, òun gbà. Nígbà náà, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n yẹn náà jẹ́ àṣìṣe, kó sì tún un ṣe báyìí. Bí ó bá ní kò sí àṣìṣe, a jẹ́ pé ó ti fi ipò sílẹ̀.

Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀. Kò gùn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lè sọ ọ́. Olùdarí ya ẹnu, ó wo Àkànó. Àkànó, ẹni tí ó ti mọ́ lára, ní, "Bí ẹ ṣe wí ni, sà," nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì wí nǹkankan.

"Ẹ̀rọ mi kì í ṣe àṣìṣe," ni Olùdarí wí níkẹyìn.

Madam Sherifa ní òun kò wá láti lé ènìyàn kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò lásán ni òun ṣe. Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn náà bó ṣe yẹ, kí Olùdarí wọlé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń wọlé, kó fagi lé ohun tí òun tẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ó yíjú sí Mutmainah.

"Ṣé ìwọ lo ṣe é báyìí?"

"Èmi ni, mà. Mo mọ̀ pé kò dáa. Ìlà kan ni wọ́n ní kí n fi sí i."

"Yọ ọ́."

Mutmainah wo Olùdarí. Olùdarí náà ń wò ó. Bí ó bá yọ ìlà yẹn, ọkùnrin tó ń wò ó yìí lè má fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ láé. Bí kò bá yọ ọ́, kò ní sí ìwé tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí. Ó jókòó, ó sì yọ ọ́. Kò gbà á ní àkókò tó èyí tí fìlà fi ń jáde.

Olùdarí jókòó sí ipò rẹ̀. Ó na ìka tó ní òrùka. Ó tẹ IMOLE.

Páswọ́ọ̀dù yìí kò tọ̀nà. Ẹ tún un tẹ̀.

"Ẹ fi lẹ́tà kékeré tẹ̀ ẹ́, sà," ni Mutmainah wí.

"Ṣé èmi lo ń sọ fún pé mo ṣe àṣìṣe?"

Mutmainah ń kúnlẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà tó fi dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ ṣe àṣìṣe. Lẹ́tà kékeré ni."

Olùdarí tún tẹ IMOLE. Ẹ̀rọ náà tún kọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, bí ẹni tó ń fi ìka sọ̀rọ̀ sí ọmọ olórí kunkun. Ẹ̀rọ náà ti ilẹ̀kùn pátápátá, ó sì kọ ohun tí wọ́n ti pàṣẹ fún un láti kọ: Ẹ ti gbìyànjú tó. Ẹ lọ rí Olùdarí Àgbà fún ìrànlọ́wọ́.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wo ẹ̀yìn, bí ẹni pé Olùdarí Àgbà náà lè ti dé. Ó wá dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Àkànó sáré lu agogo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ara wọn, kò sẹ́ni tó dìde. Agogo ìbọ̀ ni wọ́n mọ̀, wọn kò kọ́ wọn ní ti ìlọ. Olùdarí sọ̀ kalẹ̀ láì dúró ronú níbì kankan, ó kọjá láàárín àwọn àgbà aláṣọ funfun ìsàlẹ̀, mọ́tò rẹ̀ sì wọ títì.

Ìgbìmọ̀ tó ni kọ́lẹ́ẹ̀jì gba ìwé ìfipòsílẹ̀ náà. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ níwájú àlejò pé ohun tí ẹ̀rọ bá gbà ní orúkọ òun, òun fọwọ́ sí i. Wọ́n fi olùkọ́ ìṣirò, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó yọ àwòrán kúrò lójú àwọn kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń tàn kíákíá débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ ohun tí wọ́n á fi àkókò náà ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àkànó lọ bá a, ó béèrè pé àtẹ̀gùn wo ni wọ́n á fẹ́ láti máa ronú lé lórí. Olùkọ́ náà ní kó lọ pa ilé kékeré tó yà sára kàlẹ́ńdà rẹ́.

Wọ́n ní Olúkúnlé ṣì ń sọ fún àlejò pé fúnra òun ni òun fi ipò náà sílẹ̀. Ní ti èyí, pọ́tààlì gbè é lẹ́yìn.

Wọ́n yí ọjọ́ ìdánwò padà sí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá, wọ́n sì tún èsì gbogbo wọn tẹ̀. Àṣẹ tuntun dé láti ọwọ́ ìgbìmọ̀ Madam Sherifa, fún ọdún kan, pẹ̀lú àlàyé pé kí ilẹ̀kùn wà ní títì fún gbogbo ènìyàn bákan náà. Mutmainah gbé ìwé méjèèjì lọ sí Circle ní ọ̀sán ọjọ́ tí àṣẹ náà dé. Ọmọbìnrin ọjọ́sí tẹ ọjọ́ náà sínú kọ̀ǹpútà wọn, kọ̀ǹpútà náà gbà á láì kí ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ní kó máa bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ọjọ́rú ni, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ó wà nínú kàlẹ́ńdà gbogbo ènìyàn.